Arò Tí Rocchina Kọ Sórí Fìlà

Ilé alájà márùn-ún ni Rocchina Lapenna ń ṣọ́ ní Róòmù, ọdún mẹ́jọ ló sì ti fi ń kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú korobá àti búrọ́ọ̀ṣì. Yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n fún un. Ibẹ̀ ló kó gbogbo ohun tó ní láyé sí: bẹ́ẹ̀dì kan, ààrò kan, àwòrán Róókù Mímọ́ àti ajá rẹ̀, àti fìlà dúdú kan lórí ìṣó. Fìlà Gerardo ọkọ rẹ̀ ni. Ìbaaka ló ta Gerardo nípàá lọ́nà oko ní abúlé wọn ní Lukania, ní gúúsù Ítálì, ó ti di ọdún kọkànlá. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí wọ́n bá ti kọ́ fìlà òkú sórí ìṣó, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wò mọ́. Wọ́n á kàn máa fi aṣọ nu eruku orí rẹ̀. Àwọn ayálégbé rò pé ìfẹ́ ló mú kí Rocchina máa bọ̀wọ̀ fún fìlà tó bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ kọ́, ẹ̀rù ni.

Obìnrin náà lẹ́rù púpọ̀. Ó ń bẹ̀rù atẹ́gùn tó ń ti ilẹ̀kùn, ó ń bẹ̀rù ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn tí kò pe orúkọ, bí ṣíbí bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á ṣe àmì àgbélébùú kó tó ṣà á. Ẹ má fi ṣẹ̀sín. Ẹni tí ayé bá ti gbá létí rí, bó bá gbọ́ ìró ọwọ́, á kọ́kọ́ bo ojú ná. Ẹ̀rù tó wá borí gbogbo ẹ̀rù rẹ̀ ni ti Canio. Canio nìkan lọmọ tó bí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ihò èédú ló sì ń wọ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù láti ọdún mẹ́rin. Lẹ́tà kan ń wá ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Bó bá dé, Rocchina á sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, á rántí pé ọmọ ti tún wọ ihò lẹ́yìn tó kọ lẹ́tà ọ̀hún tán.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún: kí Canio jáde nínú ilẹ̀ kó tó di pé ilẹ̀ gbé e mì.

Ní àjà kẹrin ilé náà, Maestro Belisari ń gbé. Orin fíìmù ló ń ṣe, àwọn fíìmù ẹlẹ́ṣin oníbọn tó gbòde nígbà náà. Àwọn ará Ítálì ló ń ṣe é, Sípéènì ni wọ́n ti ń yà á, wọ́n á sì búra fún ọ pé Amẹ́ríkà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Rocchina ń fọ àjà kẹta, ó ń kọrin sábẹ́ èémí, ni Maestro bá yọjú tòun ti ife kọfí lọ́wọ́.

"Màmá Rocchina, kí lẹ̀ ń kọ yẹn?"

"Ẹ má bínú, Maestro. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti jí. N ó dákẹ́."

"Ẹ má dákẹ́. Kí ni?"

"Orin ìkórè lásán ni. Tá a bá tò lọ sínú oko àlìkámà, a máa ń fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí dòjé gbogbo wa lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má baà gé ọwọ́ ẹnì kejì."

Maestro jókòó sórí àtẹ̀gùn tó ṣì tutù, ṣòkòtò rẹ̀ rin ṣinṣin, kò bìkítà. Ó ní kó tún un kọ. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ sórí ẹ̀yìn àpò lẹ́tà.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, Rocchina àti Nunziata lọ wo sinimá ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday. Nunziata yìí, ọmọ abúlé wọn ni, ó fi ọdún mẹ́wàá ju Rocchina lọ, òdì kejì àgbàlá ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tú bẹ́ẹ̀dì onírun àgùntàn palẹ̀ kó sì tún un rán. Nínú fíìmù náà, ọkùnrin kan yọ lórí ẹṣin láàárín eruku, ìbọn wà nídìí rẹ̀. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í sú ìfé, gìtá tẹ̀ lé e, agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún lẹ́yìn wọn. Orin ìkórè náà ni, láìyẹ̀.

"Ìyá Canio, ṣé kì í ṣe orin wa nìyí? Ṣé oko lọ̀gbẹ́ni yìí ń lọ ni?"

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n wò. Òùngbẹ àti òógùn la fi ṣe orin, olè kan wá gùn ún lẹ́ṣin."

Rocchina rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbọn dún, tí ọkùnrin méjì ṣubú, tí orin náà sì tún padà wá jẹ́jẹ́, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Orin tí wọ́n dá kí ẹ̀jẹ̀ má baà jáde, òun ni wọ́n fi ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn yìí. Kò dùn mọ́ ọn, kò sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, Maestro tún sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ó ní fíìmù mìíràn ti dé, ìyá kan kúnlẹ̀ sínú iyanrìn níbẹ̀, òkú ọkọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ ohùn tó ń sunkún, kì í ṣe ti ìwé. Ó ti gbọ́ pé àwọn obìnrin Lukania ní arò tí wọ́n ń kọ sórí òkú.

"A ní in," Rocchina dáhùn. "A kì í kọ ọ́ lásán."

"Kì í ṣe lásán, Màmá. Iṣẹ́ ni."

"Ẹ ò gbọ́ mi yé. Arò kì í wá kó pa dà lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ ẹ bá pè é, tí kò bá òkú nílẹ̀, á wá ẹni tí yóò mú. Ilé ẹni tó pè é náà ló sì ń kọ́kọ́ yà sí."

"Mo ti gbọ́ obìnrin mẹ́ta tó ń kọrin nílé eré ńlá. Wọ́n ń sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹun lọ. Èmi ò lè ṣe é."

Maestro kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó ń dun obìnrin náà. Ó ní wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbé wáyà nílé ìgbohùnsílẹ̀, iṣẹ́ orí ilẹ̀, iṣẹ́ inú ilé, kò sí èédú, kò sí kòtò. Ó ní bí Àjíǹde bá ti dé òun lè mú Canio wọlé síbẹ̀. Rocchina kàn ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ojú kan náà lórí òkúta, tó ti mọ́ tipẹ́.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Nunziata, tó jókòó sáàárín irun àgùntàn bí adìyẹ tó sàba.

"Fún arò náà ní òkú tó ti kú tẹ́lẹ̀," ni Nunziata sọ. "Báwo làwa náà ṣe kọ́ ọ nígbà ọmọge? Ṣe bí orí fìlà bàbá-bàbá mi ni. Arò tó bá ti rí ẹni tó ni ín kì í ṣáko. Mú ti Gerardo lọ. Fi aṣọ dúdú dì í, má sì ṣe tú u wò, a kì í yọjú wo òkú tí a ti bò."

Bẹ́ẹ̀ ni Rocchina ṣe. Ojú ìṣó ló ti fi aṣọ dúdú mú fìlà náà, ó dì í, kò wò ó.

Nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀, ó gbé ìdì náà sórí àga kan. Ó bọ́ bàtà, ó tú irun sílẹ̀, ó fa áńkáṣífù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì síwá sẹ́yìn bí wọ́n ti ń ṣe é nílé. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pariwo láti ẹ̀yìn gíláàsì pé kí Màmá dúró lójú kan, makirofóònù ò rí ohùn gbà.

"Bí mo bá dúró, kò ní jáde," Rocchina dá a lóhùn.

Wọ́n tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó máa mì díẹ̀díẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó pe Gerardo ní òpó ilé òun, ó bi í pé ta ni yóò di òrùlé mú bí ìjì bá dé. Ó ní kó dìde, oúnjẹ rẹ̀ ti ń tutù. Àwọn onígìtá tó wà ní kọ̀rọ̀ kò mira. Maestro ní ó dára, kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Maestro ní ó kù díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i.

A kì í kọ arò lẹ́ẹ̀mẹta sórí òkú kan. Rocchina mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo obìnrin abúlé wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí iṣẹ́ orí ilẹ̀, ó rántí ihò èédú, ó sì la ẹnu. Nígbà tó dé àárín orin, dípò òpó ilé mi, "òdòdó ìyá rẹ̀" ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ọmọ là ń pè bẹ́ẹ̀ nínú arò, a kì í pe ọkọ bẹ́ẹ̀. Jìnnìjìnnì bò ó, ṣùgbọ́n arò tó ti dìde kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó gbé e dé òpin. "Òdòdó ìyá rẹ̀, ta ló máa jẹ oúnjẹ yìí?" Nígbà tó dákẹ́, Maestro ń nu ojú.

"Ìyẹn gan-an ni," ó ní. "Ìyẹn la máa lò."

Rocchina gbé ìdì rẹ̀, ó lọ sílé, ó kọ́ fìlà padà láìwò ó. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹnu lásán ló ṣì, òkú tó ni arò wà lórí àga. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń sùn títí Kérésì fi kọjá.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, akólẹ́tà mú àpò lẹ́tà kan wá tó nípọn díẹ̀. Fọ́tò ló wà nínú rẹ̀. Canio àtàwọn mẹ́ta mìíràn dúró níwájú gbọ̀ngàn àwọn awakùsà lọ́jọ́ àjọ̀dún Bàbárà Mímọ́ tó ń ṣọ́ wọn, kálukú mú ife lọ́wọ́. Rocchina kọ́kọ́ wo ojú ọmọ, ó rí i pé ó ti rù. Ó wo bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo fìlà orí rẹ̀, ó sì rí ojú iná kan létí fìlà náà, ó funfun bí ẹyọ ìrẹsì.

Ó mọ ojú iná yẹn. Gerardo ló fi sìgá jó o níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, òun Rocchina ló sì bá a jà sí i.

Ó dìde, ó lọ síbi ìṣó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá wá, ó sọ fìlà náà kalẹ̀ wò, ó yí etí rẹ̀ padà sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ojú iná níbẹ̀. Fìlà Canio ni. Ọjọ́ kan náà ni bàbá àti ọmọ rà wọ́n lọ́wọ́ alájàpá kan náà, aṣọ kan náà, dúdú kan náà. Ọmọ ti pààrọ̀ wọn lọ́jọ́ tó ń lọ, kó lè gbé orí bàbá rẹ̀ dání lọ sí òkèèrè, kò sì sọ fún ìyá rẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé á figbe ta.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Rocchina ti kọ arò sórí fìlà ọmọ tó wà láàyè. Ẹnu rẹ̀ kò ṣì, ẹnu rẹ̀ ló rí i kí ojú tó rí i.

Ó sáré gun àjà mẹ́rin láìmí. Maestro ṣílẹ̀kùn.

"Maestro, mo bẹ yín, ẹ pa á rẹ́."

"Ẹ pa kí ni rẹ́?"

"Ohùn mi. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fíìmù yẹn."

"Màmá, fíìmù ti jáde láti Kérésì. Ó ti wà ní ìlú bí ogójì. Gbogbo ènìyàn ló ń béèrè ohùn ta ni."

"Ogójì ìlú," Rocchina tún un sọ, ó sì di ilẹ̀kùn mú. Ogójì ìlú ni arò náà ti ń wá ọmọ rẹ̀ kiri.

Ìparí oṣù kìíní dé, lẹ́tà kò dé. Ó kọjá ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà kò dé. Bó bá gbọ́ kẹ̀kẹ́ akólẹ́tà, á dúró lórí àtẹ̀gùn, omi á máa kán lára búrọ́ọ̀ṣì sí ẹsẹ̀ rẹ̀, títí kẹ̀kẹ́ á fi kọjá. Bí rédíò ayálégbé kan bá dárúkọ Bẹ́ljíọ̀mù, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Kò kọrin mọ́. Ó ń jẹun lórí ìdúró. Ó bẹ̀rù kí lẹ́tà má dé, ó sì tún bẹ̀rù kó dé pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ẹlòmíràn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí," ó sọ fún Nunziata. "Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Èmi ni mo pa á."

"Pa ẹnu dé. Ìwọ lo máa ń sáré sin ènìyàn." Ṣùgbọ́n ọwọ́ Nunziata dúró lórí abẹ́rẹ́, òun náà ń ronú. "Gbọ́. Arò ti jáde, a ò lè gbé e mì. Ó ń wá òkú, ká fún un ní òkú. Kí lo kọ ọ́ lé lórí? Fìlà. Fìlà ni kó gbà. Ikú tó yẹ kó pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ là á dú."

Láàárọ̀ ọjọ́ Monday, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ dé ibi tí ilé ti tán, lábẹ́ àwọn afárá òkúta tó ń gbé omi wọ ìlú láyé àtijọ́, tí àwọn darandaran ṣì ń da àgùntàn gbà. Rocchina fi ọkọ́ kékeré gbẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ náà le. Wọ́n fi okùn dúdú di fìlà Canio, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n bò ó. Àgùntàn kan dúró, ó ń wò wọ́n. Nunziata gbàdúrà tó mọ. Rocchina ò kọ ohunkóhun.

Nígbà tó dé ilé, ó da omi sí ààrò, ó fi aṣọ bo dígí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ilé òkú kì í dáná fún ọjọ́ mẹ́ta, aládùúgbò ló ń gbé oúnjẹ wá. Àwọn ayálégbé bi í pé ta ló kú, ó ní mọ̀lẹ́bí kan ni. Nunziata ń la àgbàlá kọjá ní ọ̀sán pẹ̀lú àwo tó fi aṣọ funfun bò.

"Jẹun."

"Ṣé kí n jẹ oúnjẹ òkú ọmọ mi ni?"

"Oúnjẹ òkú fìlà ni. Jẹ ẹ́, ẹ̀wà náà dùn."

Kò jẹ é. Èrò mìíràn ti wọ inú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní pápá yẹn, ó sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé arò náà ṣì ń wá ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Òun ti fi ọwọ́ ara òun gbẹ́ ilẹ̀, òun ti fi okùn dì í, òun ti pa iná ilé òun. Kí ló tún kù tí ìyá ń ṣe fún òkú ọmọ tí òun kò tíì ṣe? Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ìka ọwọ́ pọ̀, kò lè sunkún, nítorí ẹkún náà lè tún di nǹkan.

Ní ọjọ́ kẹta, Nunziata ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo tó ń yọ èéfín kalẹ̀, ó ti padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni Rocchina gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ọkùnrin ni, ó ń wọ́ díẹ̀. Ẹni náà wúkọ́. Ẹni tó ń mú tẹligíráàmù wá ni, ó rò bẹ́ẹ̀. Ẹni náà kan ilẹ̀kùn.

"Màmá."

Rocchina kò dáhùn. Ohùn Canio ni, ìdí tí kò fi dáhùn nìyẹn. Òkú lè pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ó lè pè é lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá! Èmi ni, òjò ń pa mí."

Ìgbà kẹta nìyẹn. Ó ṣílẹ̀kùn. Canio dúró níbẹ̀ tòun ti àpótí páálí, ó rù, fìlà bàbá rẹ̀ wà lórí rẹ̀, báńdéèjì wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Rocchina di etí rẹ̀ mú, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá ọrùn rẹ̀ títí ó fi rí ibi tó ń lù kìkì.

"Òkúta ló já lé mi lọ́wọ́ nínú oṣù kìíní," Canio ní. "Ìka méjì ti lọ. Mi ò lè kọ lẹ́tà, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi kọ ọ́, mo mọ̀ yín. Sunday tó kọjá ni wọ́n gbé fíìmù ẹlẹ́ṣin kan wá sí gbọ̀ngàn wa. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Ìyá kan kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó la ẹnu, ohùn yín ló jáde. Òdòdó ìyá rẹ̀. Màmá, mo jókòó síbẹ̀, ẹ̀pà wà lẹ́nu mi, mo ń gbọ́ tí ẹ ń sin mí. Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ẹsẹ̀ mi ò mọ̀. Mo ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin kí n tó rántí pé mi ò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn ò ní gbà mí padà mọ́."

Bó ti ń sọ ọ́ ló ń wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ó rí aṣọ lórí dígí. Ó rí ààrò tó tutù, eérú inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Ó rí àwo aládùúgbò tí aṣọ funfun bò. Ọmọ Lukania ni, kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ yí padà, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Màmá, ta ló kú nílé wa?"

Rocchina ṣí fìlà lórí rẹ̀, ó gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí etí rẹ̀ títí ó fi rí ojú iná, kó tó fi í kọ́ sórí ìṣó.

"Ìwọ ni," ó ní. "Jókòó, oúnjẹ rẹ ń tutù."